Hẹlikọ́pítà mẹ́jọ kì í ṣe mẹ́jọ: bí orílẹ̀-èdè kékeré ṣe ń ra bàálù ogun àti bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ìjì ńlá kan tí wọ́n pè ní Gabrielle jà ní New Zealand. Odò kún àkúnya ní agbègbè Hawke's Bay, omi sì ká àwọn èèyàn mọ́lé. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, orí òrùlé ni ọ̀pọ̀ wọn sá sí, tàgbà tọmọdé. Lára àwọn tó lọ kó wọn sọ̀ kalẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ológun tí wọ́n ń pè ní NH90. Wọ́n dúró sójú kan lókè, wọ́n ta okùn sílẹ̀, wọ́n sì ń fa àwọn èèyàn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá wo fídíò ọjọ́ náà kò ní béèrè mọ́ pé kí ni orílẹ̀-èdè tí kò bá aládùúgbò jà ń fi hẹlikọ́pítà ogun ṣe. Ohun tó máa ń rú èèyàn lójú ni èyí: NH90 mẹ́jọ péré ni New Zealand ní. Irú bàálù yìí kan náà ni Norway sọ ní 2022 pé òun kò fẹ́ mọ́, pé kí àwọn tó ṣe é wá kó o, kí wọ́n sì dá owó òun padà. Ọsirélíà, tó múlé ti New Zealand, ní 47, ó pa gbogbo rẹ̀ tì ní 2023. Báwo ni ohun kan náà ṣe ń yọ èèyàn nínú ewu lọ́wọ́ ẹnì kan, tó wá di ẹrù ìnira lọ́wọ́ ẹlòmíì?

Àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ sábà máa ń jiyàn lórí bàálù náà fúnra rẹ̀: ó yá, kò yá, ó lágbára, kò lágbára. Èmi rò pé ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn New Zealand lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù márùn-ún, wọn kò tó ìdajì ará Èkó. Fún ilé tó kéré báyìí, ohun tó ń sọ bóyá bàálù máa fò tàbí kò ní fò ni iye rẹ̀, páàtì rẹ̀, àti àwọn ẹlòmíì tó ń lo irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un látorí iye.

Mẹ́jọ lórí ìwé, mélòó ní pápá?

Bàálù tó ní ìyẹ́ ń fi ìyẹ́ lé afẹ́fẹ́ lọ geere. Hẹlikọ́pítà kò ní ìyẹ́. Abẹ̀bẹ̀ gígùn tó ń yí lórí rẹ̀ ló ń gbé e dúró, yíyí náà sì ń gbọn gbogbo ara rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti gbéra títí tó fi máa balẹ̀. Irin tí a bá ń gbọ̀n lójoojúmọ́ á rẹ̀ ni, bí wáyà tí èèyàn ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ṣe ń rẹ̀ títí tó fi ń kán. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣì lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa yí abẹ̀bẹ̀ náà kó sì fi bà sílẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n gíáàbọ́ọ̀sì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ abẹ̀bẹ̀, ẹyọ kan ni, kò ní igbákejì. Ní oṣù Kẹrin 2016, ní Turøy ní Norway, gíá kan sán nínú gíáàbọ́ọ̀sì hẹlikọ́pítà tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ epo bọ̀ láti orí òkun. Abẹ̀bẹ̀ já kúrò lórí rẹ̀. Èèyàn 13 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kankan kò yè é. Bàálù òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ológun, ṣùgbọ́n irin kò mọ ológun yàtọ̀ sí ará ìlú.

Ìdí nìyí tí gbogbo páàtì tó ṣe kókó nínú hẹlikọ́pítà fi ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Wákàtí tó ti lò lókè ni wọ́n ń kà fún un. Bí wákàtí tí ìwé dá fún un bá pé, wọ́n á yọ ọ́, ì báà máa dán gbinrin lójú ẹni tó ń wò ó. Àyẹ̀wò kékeré wà kó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá dé. Àyẹ̀wò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí. Lẹ́yìn náà ni èyí tó tóbi jù, tí wọ́n máa ń tú bàálù náà sílẹ̀ débi tí wọ́n á fi rí egungun rẹ̀, tí oṣù bíi mélòó kan á fi kọjá kí wọ́n tó tò ó padà.

Ẹ wá mú mẹ́jọ, kí a pín in. Ká ní méjì wà nínú àyẹ̀wò ńlá. Ọ̀kan wà nínú àyẹ̀wò kékeré. Ọ̀kan ń dúró de páàtì tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé bọ̀ láti Yúróòpù. Ọ̀kan wà fún ẹ̀kọ́, nítorí awakọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́, awakọ̀ àtijọ́ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ òun ṣú. Mẹ́ta ló kù. Mo kàn fi ìṣirò yìí ṣàlàyé ni, lọ́sẹ̀ kan ó lè sàn jù bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ mìíràn ó lè burú jù bẹ́ẹ̀. Ní 2016, lẹ́yìn tí ìjì Winston ba Fiji jẹ́, New Zealand fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ Canterbury gbé NH90 lọ ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ mì ní Kaikōura, ojú ọ̀nà dí, àwọn hẹlikọ́pítà yìí náà ló tún lọ ń kó àwọn tó há síbẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìjì Fiji àti ilẹ̀ tó mì bọ́ sí, ìpinnu tó le koko ni ìbá dé iwájú àwọn ọ̀gá wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò sí òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu tó èyí. Orílẹ̀-èdè kékeré lè ya owó kó ra hẹlikọ́pítà tó tuntun ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ṣùgbọ́n hẹlikọ́pítà Black Hawk tí iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ní lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Bí ogún bá bàjẹ́ lónìí, wọn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ní aṣálẹ̀ Arizona, wọ́n ní pápá ńlá kan tí wọ́n ń kó bàálù tó ti fẹ̀yìn tì sí, tí wọ́n ń tú páàtì lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Àkísà wọn nìyẹn. New Zealand kò ní irú pápá bẹ́ẹ̀.

Iye owó tí ìwé ìròyìn ń kọ

Ní oṣù Keje 2006, New Zealand bọwọ́ lùwé láti ra NH90. Owó náà jẹ́ 771 mílíọ̀nù dọ́là tiwọn. Bí èèyàn bá fi mẹ́jọ pín in, á jẹ́ pé hẹlikọ́pítà kan lé ní 96 mílíọ̀nù, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi pariwo. Ìṣirò yẹn kò tọ́. Nínú owó yẹn ni ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì wà, irinṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ìtọ́ni wà níbẹ̀, páàtì tí wọ́n á kọ́kọ́ tò sínú ilé ìkẹ́rùsí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè kan rajà dáadáa gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó wà nínú ẹrù náà kó tó béèrè iye rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi iye owó Norway wé ti orílẹ̀-èdè mìíràn bí ẹni pé bàálù lásán ni méjèèjì rà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú rírà New Zealand tí mo fẹ́ràn gidigidi. Hẹlikọ́pítà mẹ́sàn-án ni wọ́n rà. Mẹ́jọ ni wọ́n tò fún fífò. Ìkẹsàn-án, wọ́n rà á kí wọ́n lè máa rí páàtì lára rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á sọ pé ìnákúnàá ni, pé ta ló ń ra ọkọ̀ tuntun láti tú u. Ẹni tó ń tú u sì mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe NH90 jìnnà sí òun tó ìdajì ayé, pé páàtì kan tí kò sí nílé lè dá bàálù kan dúró fún oṣù. Wọ́n ra àkísà mọ́ aṣọ lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó kò sì parí síbẹ̀. Hẹlikọ́pítà ogun máa ń pẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, owó epo, páàtì, àtúnṣe, owó oṣù àwọn mẹkáníìkì àti ìyípadà kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju owó tí wọ́n fi rà á lọ. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìṣòro ọ̀tọ̀. Ó máa ń gba ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó lè jẹ́ kó fọwọ́ síwèé pé bàálù yìí dára láti fò. Nígbà tó bá wá mọṣẹ́ tán, iléeṣẹ́ aládàáni á wá fi owó tó jù tìjọba lọ pè é. Iléeṣẹ́ ológun tó ní ẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì lè fara da kí àádọ́ta lọ. Èyí tó ní ìwọ̀nba díẹ̀, bí mẹ́wàá bá lọ, bàálù á wà, ẹni tó máa fọwọ́ síwèé kò ní sí.

Ọkọ̀ tí kò ní ẹlẹgbẹ́

Kí NH90 tó dé, Iroquois ni New Zealand ń lò. Ọdún 1966 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, 2015 ni wọ́n tó dágbére fún un, ó sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, ó sì tàn ká gbogbo ayé. Ẹni tó bá ti tún ọkọ̀ ṣe l'Ékòó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Corolla bàjẹ́ lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n látinú, páàtì rẹ̀ sì kún Ládípọ̀ láti orí tuntun dé orí tòkunbọ̀. Bàbá mi ra ọkọ̀ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwa nìkan la ní irú rẹ̀ ládùúgbò. Gíáàbọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, a wá òmíràn títí ó fi sú wa, ọkọ̀ náà sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún méjì. Kò sí ohun mìíràn tó ṣe ọkọ̀ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé kò ní ẹlẹgbẹ́ ni.

Nísinsìnyí a lè wá wo Norway. Ọdún 2001 ni wọ́n ní kí NHIndustries ṣe NH90 mẹ́rìnlá fún àwọn. Àjọṣe iléeṣẹ́ mẹ́ta ni NHIndustries: Airbus ló ni èyí tó pọ̀ jù, Leonardo ti Ítálì tẹ̀ lé e, Fokker gba ìpín kékeré. Ìparí 2008 ló yẹ kí wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ dé. Ọdún náà kọjá. Nígbà tí oṣù Kẹfà 2022 dé, mẹ́tàlá ló ti dé, mẹ́jọ péré nínú rẹ̀ ló sì pé pérépéré bí wọ́n ṣe ṣèlérí rẹ̀. Norway nílò kí wọ́n jọ fò ní wákàtí 3,900 lọ́dún, fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun àti fún àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi. Ohun tí wọ́n ń rí gbà kò ju nǹkan bíi 700 lọ. Mínísítà ètò ààbò wọn, Bjørn Arild Gram, wá sọ ọ́ gbangba pé bó ti wù kí àwọn mẹkáníìkì ṣiṣẹ́ tó, bó ti wù kí àwọn ra páàtì tó, bàálù náà kò lè ṣe ohun tí àwọn rà á fún. Wọ́n fagi lé àdéhùn náà, wọ́n sì béèrè owó wọn tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún kroner, owó ilẹ̀ Norway.

Ṣé NH90 ti New Zealand kì í ṣe NH90 ni? Ó jẹ́ NH90, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó dá sí iṣẹ́ náà láti Yúróòpù ló ní ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n fi sí tòun, débi pé oríṣi NH90 tó wà láyé ju ogún lọ. Ti Norway jẹ́ ti ojú omi. Ó gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ìró ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, ó gbọ́dọ̀ lè balẹ̀ sórí ọkọ̀ tí ìgbì ń fì, iyọ̀ òkun sì ń jẹ ẹ́ lára lójoojúmọ́. Ti New Zealand jẹ́ ti orí ilẹ̀, tó ń gbé ọmọ ogun àti ẹrù, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò díjú tó ìyẹn. Bí oríṣi bá pọ̀ báyìí, páàtì á dà bí bàtà: gbogbo rẹ̀ ni bàtà, ṣùgbọ́n èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu ni ìwọ ń wá. Ohun tí orílẹ̀-èdè kékeré rò pé òun fi gba iyì, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣe tòun lọ́tọ̀, òun gan-an ló ń sọ ọ́ di ẹni tí kò ní ẹlẹgbẹ́.

Ọsirélíà ní tiẹ̀ tún ní ìbànújẹ́ nínú. Ní oṣù Keje 2023, ọ̀kan lára tiwọn já sínú òkun nítòsí erékùṣù Hamilton ní Queensland, ọmọ ogun mẹ́rin sì kú. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé Black Hawk 40 ni àwọn máa fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò fò ó mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn, Ukraine sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn. Sweden àti Bẹ́ljíọ̀mù náà ti sọ pé àwọn ń kúrò lẹ́yìn NH90. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí New Zealand tí kò ṣe ohun búburú kankan. Bí oníbàárà bá ṣe ń dín kù, iléeṣẹ́ tó ń ṣe páàtì á máa ṣe díẹ̀, owó rẹ̀ á sì máa gòkè fún àwọn tó kù. Òótọ́ ni pé Jámánì, Faransé àti Ítálì ṣì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà NH90 kò tíì di aláìní-ẹlẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà nítòsí, tó ṣeé yá páàtì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó dé lálẹ́, ti lọ.

Ẹni tó ń tà tún ní ẹnu

Ohun kan wà tí ọjà Ládípọ̀ kò fi jọ ọjà yìí. Ẹni tó tà ọ́ ní ọkọ̀ kò lè sọ pé o kò gbọdọ̀ gbé e gba ọ̀nà kan. Ẹni tó tà ọ́ ní hẹlikọ́pítà ogun lè sọ ọ́. Ìjọba rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí títà páàtì, ó lè dá a dúró, ó lè sọ pé o kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ.

Ní 2018, Philippines fẹ́ ra hẹlikọ́pítà Bell mẹ́rìndínlógún láti Kánádà. Nígbà tí ìjọba Kánádà ní òun fẹ́ tún un gbé yẹ̀ wò nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Philippines fagi lé e, ó sì lọ ra Black Hawk tí wọ́n ń ṣe ní Poland. Lẹ́yìn náà ó gbà láti ra hẹlikọ́pítà Mi-17 mẹ́rìndínlógún láti Rọ́ṣíà, ogun Ukraine dé, ó tún fagi lé ìyẹn. Latvia àti Lithuania, tí èèyàn wọn kéré sí ti New Zealand, ní àwọn hẹlikọ́pítà tí Rọ́ṣíà ń ṣe. Àwọn ẹ̀rọ náà lágbára, wọn kò wọ́n, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ológun ní Áfíríkà ló sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni páàtì wà. Wọ́n kó lára rẹ̀ fún Ukraine, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ra Black Hawk mẹ́rin. Mẹ́rin! Ẹ fi ìṣirò tí a ṣe lókè wò ó, ẹ ó rí i pé nígbà mìíràn ọ̀kan péré ló máa ṣeé gbé jáde. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fọkàn tẹ̀ ni pé Black Hawk wà káàkiri Yúróòpù, pé ẹni tó tà á fún wọn kì í ṣe ọ̀tá.

Tòkunbọ̀ tó gba Ọsirélíà kọjá

Ìtàn tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti Seasprite, hẹlikọ́pítà ojú omi kékeré tí iléeṣẹ́ Kaman ti Amẹ́ríkà ń ṣe. Ọdún 1959 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ fò.

Ní 1997, Ọsirélíà ní kí Kaman ṣe mọ́kànlá fún òun. Ìdí tí wọ́n fi yan èyí tó kéré ni pé wọ́n ń gbèrò láti kan ọkọ̀ ojú omi kékeré pẹ̀lú Malaysia, ọkọ̀ tí hẹlikọ́pítà ńlá kò lè gbà. Wọn kò kan ọkọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé hẹlikọ́pítà rẹ̀. Ara àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe, àwọn kan lára rẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1960, wọ́n wá fẹ́ kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà tó ga jù nígbà náà sínú rẹ̀, kí èèyàn méjì péré lè ṣe iṣẹ́ tí mẹ́ta ń ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà náà kò bọ́ sí i bó ṣe yẹ fún ọdún gbọọrọ. Ní oṣù Kẹta 2008, ìjọba tuntun fagi lé gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là Ọsirélíà ti wọlé sí i. Kaman kó wọn padà.

New Zealand ti ń lo Seasprite márùn-ún ti tiẹ̀ láti 2001. Ní 2013, ó lọ bá Kaman, ó sì ra àwọn tí Ọsirélíà kọ̀: mẹ́wàá, mẹ́jọ fún fífò, méjì fún páàtì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ lórí ilẹ̀ àti ohun ìjà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 242 mílíọ̀nù dọ́là New Zealand. Ẹ rántí iye tí Ọsirélíà ti ná. Àwọn kan bú New Zealand nígbà náà pé ó ra ohun tí ẹlòmíì jù nù. Èmi kò bá wọn bú u. Awakọ̀ wọn mọ̀ ọ́n, mẹkáníìkì wọn mọ̀ ọ́n, ó sì wọ inú ọkọ̀ ogun wọn. New Zealand tún fi àwọn olùyẹ̀wò tirẹ̀ àti ti àwọn ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó san owó. Ó ra tòkunbọ̀ bí ẹni tó mọ tòkunbọ̀ rà.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìbéèrè kan: ta ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ti pa Seasprite tì ní 2001. Íjíbítì ní díẹ̀, Poland ní mẹ́rin, Peru ra márùn-ún tí New Zealand ti lò tẹ́lẹ̀. Kò tún sí ẹlòmíì tó ní irú èyí tí wọ́n ṣe fún Ọsirélíà, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yàtọ̀. Lójú mi, ohun tí New Zealand rà ní 2013 ni àkókò, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ìṣòro àkókò tí èèyàn rà ni pé ó máa ń tán.

Ó tán ní 2025. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba New Zealand kéde pé òun máa ra hẹlikọ́pítà ojú omi MH-60R Seahawk márùn-ún láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú owó tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là tiwọn. Ariwo tún sọ, ìṣirò àná tún padà wá: bílíọ̀nù méjì lọ́nà márùn-ún, 400 mílíọ̀nù fún ẹyọ kan! Ẹ ti mọ ohun tí mo máa sọ sí ìyẹn.

Ohun tó yẹ ká wò ni ẹlẹgbẹ́. Amẹ́ríkà ní in ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Denmark ní mẹ́sàn-án. Norway, lẹ́yìn tó kọ NH90 sílẹ̀, òun ló rà, mẹ́fà. Íńdíà ra 24. Ọsirélíà ra 24, ó tún fi 12 kún un, ibùdó wọn sì wà ní Nowra, kò jìnnà sí New Zealand bí Yúróòpù ṣe jìnnà. Bí gíáàbọ́ọ̀sì kan bá lọ, ẹni tó wà nítòsí ní irú rẹ̀. Àyípadà kọ̀ǹpútà tí Amẹ́ríkà bá ṣe fún tirẹ̀, àwọn tó kù lè rà á láì jẹ́ pé àwọn nìkan ló máa san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Márùn-ún náà kò sì pọ̀. Ọkọ̀ ogun ńlá méjì ni New Zealand ní, Te Kaha àti Te Mana, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé hẹlikọ́pítà kan. Mẹ́jọ ni Seasprite tí wọ́n ń fi bọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ìjọba ń ta tẹ́tẹ́ pé márùn-ún tó ní ẹlẹgbẹ́ máa fò ju mẹ́jọ tí kò ní lọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ra páàtì tó pọ̀ tó mọ́ ọn láti ọjọ́ kìíní, bí wọ́n ṣe ṣe fún NH90, mo gbà pé wọ́n lè jàre. Tí wọ́n bá wá ń gé owó páàtì nígbà tí ọrọ̀ ajé bá le, méjì ló máa wà ní pápá, ọ̀kan nínú wọn á sì máa kọ́ awakọ̀.

Títí àwọn tuntun máa fi dé, Seasprite ló wà fún iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí kò sí ẹlòmíì láyé tó ní irú rẹ̀, tí wọ́n ń tú méjì tó wà fún páàtì kí mẹ́jọ yòókù lè gbéra.